Lẹ́tà sí James Wong Howe, nítorí fúláàtì méjì

Bàbá Howe, ọ̀gá mi,

Ní alẹ́ Sátidé tó kọjá, ilé sinimá kan tí wọ́n ti máa ń fi àwọn fíìmù àtijọ́ hàn ní Los Angeles níbí gbé fíìmù Hud jáde, èyí tí ẹ̀yin jẹ́ ayàwòrán rẹ̀, tí ẹ sì fi gba ẹ̀bùn Oscar yín kejì, mo sì lọ wò ó. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo rí ilẹ̀ Texas yẹn lójú aṣọ ńlá, tó tẹ́ rẹrẹ láìsí igi, tí oòrùn ń pa á láti òkè, ńṣe ni mo mí kanlẹ̀. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ooru rẹ̀ ń bá èèyàn lórí ìjókòó. Bí orúkọ yín ti hàn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, àmọ́ orúkọ obìnrin kan ló sọ sí mi lọ́kàn: Sanora, ìyàwó yín. Láti ọjọ́ náà ni lẹ́tà yìí ti ń yọ mí lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1976 ni ẹ ti dágbére fáyé.

Ẹ má bínú pé mo ń pè yín ní ọ̀gá. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mo ń ṣe. Èmi ni mo máa ń dúró ti ayàwòrán, tí mò ń yí lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀ kí ojú òṣèré má baà ṣú bó bá ti ń rìn bọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀ nípa òjìji.

Mo mọ Taishan ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti bí yín ní 1899, mo sì mọ Pasco ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí bàbá yín, tó bá iṣẹ́ rélùwéè dé Amẹ́ríkà, ti ránṣẹ́ pè yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Mo mọ kámẹ́rà kékeré Brownie tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù apòògùn níbẹ̀. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn tí bàbá yín kú, ẹ lọ ń kan ẹ̀ṣẹ́ jẹun ní Oregon, àti pé nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ sinimá Lasky ní 1917, kì í ṣe àwòrán ni wọ́n ní kí ẹ wá yà, bí kò ṣe kí ẹ máa gbá àjákù fíìmù kúrò nílẹ̀ nínú yàrá kámẹ́rà. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí ẹ rí àyè darí fíìmù fúnra yín, ní 1954, ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tèmi ni ẹ mú, àwọn Harlem Globetrotters tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òṣèré sinimá náà, Mary Miles Minter, ni mo fẹ́ràn jù. Ojú rẹ̀ jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, fíìmù ìgbà náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ búlúù yàtọ̀ sí funfun, nítorí náà bí wọ́n bá ti ya arẹwà obìnrin náà tán, ẹyinjú rẹ̀ á funfun bíi ti afọ́jú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹyinjú náà sì dúdú. Ó béèrè bóyá ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun nínú sinimá, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, láìtíì mọ bí ẹ ti ṣe é gan-an. Ẹ padà lọ síbi tí ẹ ti yà á, ẹ sì rí i pé nǹkan dúdú ló kọjú sí, òun ló hàn nínú ẹyinjú rẹ̀. Ẹ wá na àrán dúdú sórí férémù, ẹ dá ihò sáàárín rẹ̀ fún lẹ́ńsì, ẹ sì gbé e yí kámẹ́rà ká. Ọgbọ́n yìí ló sọ yín di ayàwòrán sinimá. Ṣùgbọ́n àhesọ ló gba Hollywood kan, pé Minter ti lọ gbé ará Ìlà-Oòrùn abàmì kan wá, tó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn àrán bó bá ń ya òun. Ẹ ṣe iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó lè ṣe é, ohun tí wọ́n sì rí sọ ni pé ẹ ń fara pamọ́.

N kò ní pẹ́ lórí ìgbà tí ẹ lọ sí Ṣáínà, tí ẹ padà dé bá fíìmù tó ti ń sọ̀rọ̀, tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín. Ẹ là á já. Nínú fíìmù Transatlantic, ní 1931, ẹ jẹ́ kí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán hàn kedere nínú àwòrán kan náà, ọdún mẹ́wàá kí ayàwòrán Gregg Toland tó ṣe é nínú fíìmù Citizen Kane, tí gbogbo ayé fi ń kan sáárá sí i. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lórí èyí títí ohùn mi fi há, màá sì tún jà á. Nínú Body and Soul, ní 1947, ẹ wọ bàtà onítáyà, ẹ gbé kámẹ́rà dání, wọ́n sì ń tì yín kiri láàárín àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ti bà lójú rí ló lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni kámẹ́rà yẹ kó wà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n pe orúkọ yín mọ́ àwọn tó lè gba Oscar. Ẹ gba méjì, fún The Rose Tattoo àti fún Hud. Lójú tèmi, ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo èyí ni mo fi ń yìn yín, tọkàntọkàn. Ohun tí n kò rí gbé mì ni ọ̀rọ̀ fúláàtì méjì.

Òǹkọ̀wé ni Sanora Babb, òyìnbó sì ni. Òfin California kò gbà kí ẹ fẹ́ ẹ, nítorí náà ẹ lọ sí Paris ní 1937, ẹ ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, ẹ sì padà wá bá ìpínlẹ̀ tó ní òun kò mọ ìgbéyàwó náà rí. Nínú ìwé àdéhùn yín pẹ̀lú iléeṣẹ́ sinimá, gbólóhùn kan wà nípa ìwà tó tọ́. Bí ẹ bá pe obìnrin náà ní ìyàwó yín ní gbangba, iṣẹ́ bọ́. Ẹ wá gba fúláàtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé kan náà, tìrẹ lọ́tọ̀, tèmi lọ́tọ̀. Ó di 1948, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní California tó fagi lé òfin náà, tí ẹ tún wá ń wá adájọ́ tí yóò gbà láti so yín pọ̀.

Mo máa ń ro bó ṣe ń rí ní alẹ́. Ẹ ti ibi iṣẹ́ dé. Sanora gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ yín ní ẹnu ọ̀nà kejì, ó mọ̀ pé ọkọ òun ló wọlé, kò sì lè yọjú kí ó kí yín kú àbọ̀ nítorí ojú àwọn aládùúgbò. Àbí ó máa ń yọjú? Ṣé ẹ jọ ń jẹun, tí ó wá ń dìde lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú? Ta ló kọ́kọ́ dá a lábàá? Àwọn kan ní òfin ló fà á; àwọn mìíràn ní ẹ̀kọ́ ilé yín ni, pé ọkùnrin àti obìnrin tí ìlú kò tíì mọ̀ ní tọkọtaya kì í gbé pọ̀. Bó bá jẹ́ òfin, n kò ní ẹjọ́ kankan láti bá yín rò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, mo fẹ́ mọ̀, nítorí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n ń fi ojú ọ̀tá láti Jàpáàn wo gbogbo ará Éṣíà, ẹ lẹ báájì mọ́ àyà pé ará Ṣáínà ni yín, òṣèré James Cagney, ọ̀rẹ́ yín, sì lẹ irú rẹ̀ láti fi gbè yín lẹ́yìn. Ẹ rí ọ̀nà kọ ẹni tí ẹ jẹ́ sí àyà. Ẹni tí Sanora jẹ́ ńkọ́?

Òun náà ló tún lọ, Bàbá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọdẹ àwọn kọ́múnísìtì ní Hollywood, tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń fura sí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Mexico City kí ọ̀rọ̀ náà má baà ràn mọ́ yín. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn àgbẹ̀ Oklahoma tí ọ̀dá lé kúrò nílé, ilé ìtẹ̀wé tó ti gbà á sẹ́yìn kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ ní 1939, nítorí pé ìwé John Steinbeck lórí ọ̀rọ̀ kan náà ti ṣáájú rẹ̀ jáde. Ọdún 2004 ló tó dé ọwọ́ òǹkàwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sanora kú, ẹ sì ti tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ilẹ̀ nígbà tí ìwé náà jáde, ẹ kò rí i bá a yọ̀.

Mo mọ̀ pé ohùn mi ti le ju bó ti yẹ lọ fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí.

Ayàwòrán sinimá ni ọkọ mi náà. Ìdí kámẹ́rà la ti pàdé. A ti ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, ìwé wa pé pérépéré, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀ pé mo wà láyé. Èmi ń gbé ní Inglewood, òun ń gbé ní Glendale, nítorí pé ìyá rẹ̀ lè yà sí i nígbàkigbà. Láti ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn òṣèré ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023 ni iṣẹ́ wa kò ti bọ̀ sípò mọ́, síbẹ̀ owó ilé méjì là ń san lóṣooṣù. Ìyá mi ń pè láti Ìbàdàn: ṣé ọkùnrin náà kò lẹ́bí ni? Ta ni yóò wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́? Ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi? Mo máa ń yí ọ̀rọ̀ náà sí nǹkan mìíràn, ìyá mi sì mọ̀ pé mò ń yí i.

Èmi ni mo sọ ìtàn yín fún ọkọ mi. Ní báyìí, bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀, yín ni ó máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Á ní Howe àti Sanora náà gbé fúláàtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì wà pọ̀ títí Howe fi kú, nítorí náà kí n ní sùúrù. Mo wá rí i pé ẹ̀yin tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń dí mi lẹ́nu.

Lóṣù tó ń bọ̀, bàbá rẹ̀ á pé àádọ́rin ọdún, wọn á sì ṣe àríyá. Ó ní kí n bá òun yan aṣọ tí òun máa wọ̀. Kò ní kí n bá òun lọ. Gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí sí yín kí òun náà lè rí i kà kí ọjọ́ náà tó pé. Bó bá kà á tán, tó tún ní Howe náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sọ fún mi òfin tó de òun.

Èmi ni ọmọ iṣẹ́ yín,
Los Angeles.