Ẹ bi aboyún léèrè, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ agbẹ̀bí bá ti délẹ̀, oògùn, bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ni gbogbo èèyàn máa ń tẹnu mọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwa tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ wa mọ̀ pé oògùn lè pé, kí ẹ̀rọ pé, kí ìyá tàbí ọmọ ṣì fara kááṣá nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Èdè, ẹ̀sìn, àṣà, ẹni tó ń náwó, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀ nínú ilé: gbogbo wọn ló ń bá aboyún wọ yàrá ìrọbí. Kò sì sí agbẹ̀bí tó lè há àṣà gbogbo ayé sórí. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ ni kó bi, kó kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹni tó máa gba ọmọ sì rí i kà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Bí wọ́n bá ti kọ “Ẹlẹ́rìí Jèhófà” sórí káàdì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ á rò pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi ẹ̀jẹ̀ àti apá mẹ́rin pàtàkì tí wọ́n ń yà á sí, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ funfun, platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) àti plasma (omi ara ẹ̀jẹ̀), ni wọn kì í gbà. Àmọ́ àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n fà yọ lára ẹ̀jẹ̀, títí kan abẹ́rẹ́ anti-D tí wọ́n ń gún fún aboyún tó bá jẹ́ Rhesus negative (ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà Rhesus), kí ara rẹ̀ má baà gbógun ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ẹ̀rí ọkàn oníkálukú ló ń dá a. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tó dà nígbà iṣẹ́ abẹ, tí ẹ̀rọ fọ̀, tí wọ́n fẹ́ dá padà sí i lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa bi í, lóun nìkan, láìsí ọkọ tàbí ará ìjọ nítòsí, kó sì buwọ́ lùwé nígbà tí ara ṣì tù ú. Ẹni tí kò ní gba ẹ̀jẹ̀, tara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tó o. Bí hemoglobin rẹ̀ (ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára) bá wà lábẹ́ 11 g/dL, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin máa gbà kó tó gbé e sókè. Bí ó bá ti di alẹ́ ìrọbí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìbéèrè tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ni a ń sọ yìí.

Ọjọ́ orí oyún ńkọ́? Ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ la fi ń ka ọjọ́ 280, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 40. Bí obìnrin bá kọ 5/6 sílẹ̀, ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, ará Gẹ̀ẹ́sì á kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló wà láàárín méjèèjì. Báyìí ni aboyún ọ̀sẹ̀ 36 ṣe ń di ti ọ̀sẹ̀ 40 lórí ìwé, tí wọ́n á sì fún un ní oògùn tó ń mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè má tíì gbó. Ẹlòmíràn ń fi òṣùpá ka oṣù, ọjọ́ 29 tàbí 30. Oṣù mẹ́sàn-án tirẹ̀ fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án kéré sí ti kàlẹ́ńdà ara ògiri yín. Ẹ kọ orúkọ oṣù, ẹ má kọ nọ́ńbà rẹ̀. Kàlẹ́ńdà tí òun fúnra rẹ̀ ń lò ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀, kó fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ náà.

Ìrora ló ń tan agbẹ̀bí jẹ jù. Níbi tí wọ́n ti kọ́ obìnrin pé ìtìjú ni igbe ìrọbí, á dákẹ́ rọ́rọ́. Níbòmíràn, igbe náà ló fi ń gba ara rẹ̀ níyànjú. Agbẹ̀bí tó ń fi etí díwọ̀n ìrọbí á ní kí ti àkọ́kọ́ lọ jókòó síta, ibẹ̀ náà ló sì máa bímọ sí. Ti ìkejì, wọ́n á ti pè é ní aláriwo, débi pé lọ́jọ́ tí ilé ọmọ bá ń ya, igbe rẹ̀ kò ní jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ọwọ́ ni kí ẹ gbé lé ikùn fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ ka iye ìgbà tó le, ẹ wo agogo láti mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Bó bá le lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo ìṣẹ́jú àáyá 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìrọbí ti gbóná, ì báà pariwo, ì báà dákẹ́. Èyí tí ìrora rẹ̀ kò bá dáwọ́ dúró nígbà tí ikùn rọ̀, tí ọkàn ìyá sì ń sáré, dókítà ni kí ẹ pè.

Ní ti ògbufọ̀, ẹ má fi ọkọ ṣe é, ẹ má sì fi ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gbọ́ èdè méjèèjì ṣe é. Ọmọ wo ló máa bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n ń nà án nílé? Ọkọ tó ń nà án ńkọ́, ṣé ó máa túmọ̀ ìbéèrè yẹn bó ṣe rí? Kí ògbufọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, díẹ̀ sẹ́yìn, kí agbẹ̀bí máa wo ojú aboyún bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan tàbí méjì, kó dúró. Ìbéèrè kan sì wà tó yẹ kí gbogbo wa jáwọ́ nínú rẹ̀: “Ṣé ẹ ti gbọ́?” Ta ni kò ní dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ ní kó sọ ọ́ padà fún yín: “Bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, tí ojú yín sì ń ṣe bàìbàì, kí lẹ máa ṣe?” Bó bá ní òun á sùn díẹ̀ ná, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa gìrì aboyún kò tíì wọlé.

Ilé ìwòsàn náà ní àṣà tirẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń dun àwa òṣìṣẹ́ nìyẹn. Kí obìnrin fẹ̀yìn lélẹ̀ bímọ, kí wọ́n lé ẹbí rẹ̀ síta, kó bọ́ra sílẹ̀ níwájú àjèjì mẹ́ta: èèyàn ló ṣe òfin wọ̀nyí. Ní Santillana, ní agbègbè Ayacucho lórílẹ̀-èdè Peru, wọ́n yí i padà. Wọ́n gbé ìjókòó àti okùn sí yàrá ìrọbí kí obìnrin lè dì í mú kó lóṣòó bímọ, wọ́n jẹ́ kí ẹbí àti agbẹ̀bí ìbílẹ̀ wọlé, wọ́n sì ń sọ Quechua, èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀. Nínú ìbímọ 100, mẹ́fà péré ló ń wáyé ní ilé ìwòsàn ibẹ̀ ní 1999. Nígbà tó fi máa di 2007, ó ti di 83. Ìlóṣòó bímọ náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Agbẹ̀bí á kúnlẹ̀ tàbí kó lo àpótí kúkurú, á tẹ́ aṣọ tó nípọn sílẹ̀ kí ọmọ má baà balẹ̀ gbì, á sì gbé abọ́ sábẹ́ obìnrin bí ọmọ bá ti jáde, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò ṣeé wọ̀n. Abẹ́rẹ́ oxytocin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya lẹ́yìn ìbímọ, yúníìtì 10, ti gbọ́dọ̀ wà nínú sìríǹjì ṣáájú.

Ibi ọmọ ni wọ́n ń ṣì ṣe jù lọ. Lédè Māori, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ New Zealand, ọ̀rọ̀ kan náà, whenua, ni wọ́n fi ń pe ilẹ̀ àti ibi ọmọ, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń mú un lọ sin. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ṣé ó pé, ṣé awọ rẹ̀ kò ya kù sínú, ṣé iṣan mẹ́ta ló wà nínú okùn ìwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí, ẹ má da formalin (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà) sí i, ẹ kọ orúkọ ìyá sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin ti sọ ọ́ lóṣù karùn-ún, wọ́n kọ ọ́ sí ojú ewé kẹsàn-án, òṣìṣẹ́ alẹ́ kò sì ṣí i débẹ̀. Ilẹ̀ tó mọ́, ibi ọmọ ti bá ìdọ̀tí lọ síbi tí wọ́n ti ń jó o. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá a padà. Irihapeti Ramsden, nọ́ọ̀sì ọmọ Māori, ló jà fún un pé ẹni tó gba ìtọ́jú ló lè sọ bóyá ìtọ́jú náà fi òun lọ́kàn balẹ̀.

Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n bá ti pè ní àṣà la máa gbà ni? Rárá. Èyí tí kò pani lára, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Èyí tó lè pani lára díẹ̀, ẹ bá wọn tún un ṣe: bí wọ́n bá ń da omi ọyàn àkọ́kọ́ nù, ẹ béèrè ìdí, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ló jọ wọ́n lójú bí ohun tó ti bàjẹ́, ẹ wá ṣàlàyé, kí ọmọ lè mu ọyàn láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n ti dá abẹ́ fún, tí wọ́n sì rán an pọ̀, bí a bá là á kí ọmọ lè jáde, a kò ní rán an padà bó ṣe wà, ẹni yòówù kó bẹ̀ wá. Ìgbà oyún ni kí ẹ ti sọ èyí fún un àti fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti orí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ.

Ohun tí a ń bẹ àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn fún kò náwó lọ títí: ìlà mẹ́rin ní iwájú káàdì gan-an. Ta lẹ fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín nígbà ìrọbí? Kí ni a kò gbọ́dọ̀ ṣe láìkọ́kọ́ sọ fún yín? Kí la máa ṣe sí ibi ọmọ? Ta ló ni fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà níbí? (Àbájáde àyẹ̀wò HIV tó bá balẹ̀ sórí fóònù ẹlòmíràn, àṣírí ti tú nìyẹn.) Bí iṣẹ́ bá ń yí lọ́wọ́, kí ẹni tó ń lọ ka ìlà mẹ́rin náà sókè fún ẹni tó ń wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí obìnrin náà máa gbọ́, kó lè wí bó bá ti yí ọkàn padà.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹgbẹ́ agbẹ̀bí kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín