Ẹ yé ta àkókò àwọn ọmọ wa

Olóòtú wa,

Inú ń bí mi. Nírọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ mi jókòó láti wo ètò ọmọdé tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbí l'Ákùúrẹ́ máa ń ṣe. Alágbo jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n bá pàdé. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ létí ọmọdé ló ń sọ, ó sì gba àkókò náà tán pátápátá. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Bí kì í bá ṣe alágbo, a jẹ́ ọjọ́ ìbí olóṣèlú. Àkókò àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń tà ṣáá!

Àwa tí a dàgbà nígbà Tales by Moonlight, ètò àlọ́ orí tẹlifíṣọ̀n, mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí. Tó bá ti dìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tí NTA ń ṣe é, ẹ ò ní í bá ọmọdé kankan níta ládùúgbò wa l'Óǹdó. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nítorí náà bó bá ti parí, a ó lọ bá ìyá àgbà pé kí wọ́n fi ẹnu Oǹdó pa tiwa fún wa. Èyí tí Ìjàpá jẹ àsèjẹ tí wọ́n sè fún Yánníbo, tí ikùn rẹ̀ wú tí àṣírí fi tú, ni mo fẹ́ràn jù. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba báyìí. Àwọn kan máa ń lu ìdí kóńgò wọnú kí ọjà má baà pọ̀. Èmi ò ṣe é rí. Ikùn Ìjàpá ni mo máa ń rí. Ta ni yóò kọ́ ọmọ tèmi nírú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Alágbo?

Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ti òde òní, owó ìpolówó nìkan lojú wọn rí. Wọ́n ń ta àkókò àwọn ọmọ, ojú ò sì tì wọ́n.

Kí àwọn tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ ohun tó ń lọ sórí afẹ́fẹ́ jí síṣẹ́ wọn. Kí alágbo di aago mọ́kànlá òru. Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù nìyí: àwọn ìyá àgbà tó mọ àlọ́ ṣì wà l'Ọ́wọ̀, n'Íkàrẹ́, àti nílẹ̀ Ìlàjẹ. Kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbé kámẹ́rà lọ bá wọn nílé, kí àwọn ọmọ iléèwé àdúgbò jókòó síwájú wọn láti máa gbe orin. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ìlú rẹ̀ pa á, kí wọ́n kọ Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n sì fún ìyá lówó gidi. Ìjọba ìbílẹ̀ lè ra epo ọkọ̀. Bí wọ́n bá ṣe tán, Ìdànrè ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìyá kan níbẹ̀ tí àlọ́ kì í tán lẹ́nu wọn, èmi fúnra mi ni n ó mú àwọn oníkámẹ́rà dé ẹnu ọ̀nà ìyá náà.

Oníṣòwò kan,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.