Òwú kan kò tó iṣẹ́ méjì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 tí abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, fáírọ́ọ̀sì tó lè fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, ti dé Àbújá, àwọn ìyá wa ní Kubwa àti Nyanya ti ń bèèrè àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tiwa wà lórí òwú tí wọ́n fi ń gba omi ojú ara.

Oríṣi HPV méjì, 16 àti 18, ló ń fa nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin a máa lé e lọ láàárín ọdún méjì. Ibi tó bá ti ń pẹ́, Lactobacillus sábà máa ń kéré níbẹ̀: bakitéríà tó ń mú ojú ara kan díẹ̀, bí àwọn ìbátan rẹ̀ ṣe ń mú ògì kan. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ da omi ògì síbẹ̀ o!) Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń ka fáírọ́ọ̀sì àti bakitéríà pọ̀.

Òwú kan ṣoṣo ni àwọn mìíràn wá ń fi ṣe méjèèjì. DNA HPV (àmì ìdánimọ̀ inú rẹ̀) lágídí, òwú gbígbẹ lè gbé e fún ọjọ́ mélòó kan. Bakitéríà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta, tí yìnyín inú kúlà bá ti yọ́, àwọn kan á máa bí sí i, àwọn kan á máa kú. Ohun tí láàbù máa kà kì í ṣe ohun tó wà lára obìnrin náà mọ́. Ẹ gba òwú méjì. Ẹ ki ti bakitéríà bọ omi tó ń dáàbò bo DNA lójú ẹsẹ̀, àbí kẹ́ ẹ gbé e sínú fírísà -80°C. Níbi tí iná ti ń lọ ṣáá, omi yẹn la fara mọ́.

Awọ Lactobacillus yi gan-an. Tí wọn ò bá fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ gbọ̀n ọ́n fọ́ kí wọ́n tó yọ DNA, yóò dà bíi pé kò pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé láàbù ni kò fọ́ ọ. Òwú kan tí kò kan ara ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù rìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí bakitéríà máa ń wá látinú kẹ́míkà láàbù fúnra rẹ̀.

Ti HPV náà ní tiẹ̀: ẹ̀rọ PCR, tó ń ṣe ẹ̀dà DNA kó lè rí i, gbọ́dọ̀ wá jíìnì ènìyàn kan, bíi beta-globin, pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì. Tí kò bá rí i, bóyá òwú kò gbá sẹ́ẹ̀lì kankan, tàbí ẹ̀jẹ̀ àti jẹ́ẹ̀lì ló dí iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ìwé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé “kò sí HPV”. “Ẹ padà wá, ká tún un gbà” ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún ní “kò sí”, kó bi wọ́n pé: ṣé ẹ rí beta-globin?

Àwa òṣìṣẹ́ láàbù, Àbújá