Má Fi Rédíò Sílẹ̀: Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Leeds

Ọ̀wọ̀,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Oṣù Kejì.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara gbogbo yín le. Ẹ kú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o. Níhìn-ín, oòrùn ń mú gan-an, gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé àsìkò ibà Lassa la wà yìí.

O ní ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ sọ pé kí o jáwọ́ nínú ètò tí ò ń ṣe lórí rédíò, kí o gbájú mọ́ àpilẹ̀kọ fún jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí wọn jáde, pé kò sẹ́ni tó ń ṣe méjèèjì tó máa ń yọrí. Èmi kò gbà. Kì í kúkú ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nídìí. Carl Sagan, onímọ̀ ìràwọ̀ tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣàn, National Academy of Sciences, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà, kọ̀ láti gbà á wọlé ní 1992, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé òkìkí rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Lọ́dọ̀ wa náà, bí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé, àpilẹ̀kọ inú jọ́nà ni wọ́n ń kà. Ó ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí rédíò ti ṣe fún ìwádìí mi. Nígbà tí ibà Lassa gbilẹ̀ ní 2018, ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn pé kòkòrò tuntun kan ló dé, tó ń ti ara ẹnìkan ran ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀, títí kan àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn Irrua ní Ìpínlẹ̀ Edo àti ní Redeemer's University ní Ẹdẹ, yẹ àbùdá kòkòrò náà wò lára àwọn aláìsàn. Wọ́n rí i pé irú èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ni, àti pé láti ara èkúté ló ti ń bọ́ sára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, léraléra. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté lórí oúnjẹ wa ni ká máa ṣọ́ nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí rédíò lédè wa. Mo ní kí wọ́n bo oúnjẹ, kí wọ́n dí ihò ara ògiri, kí wọ́n má sì sá láfún sẹ́bàá títì mọ́.

Ìyá kan pè wọlé. Ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun o. Láfún kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Bí a bá kó o wọlé ní tútù, á bu. Ibo lẹ wá fẹ́ ká sá a sí?"

Mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó múná tó bẹ́ẹ̀ ní àpérò àwọn onímọ̀ kankan. Gbogbo wa la máa ń fi "kí ará ìlú má sá oúnjẹ síta" parí àpilẹ̀kọ wa, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sá a. Ìbéèrè ìyá yẹn ló di ìwádìí tí mo wà lórí rẹ̀ báyìí. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dẹ tàkúté lóru sí ibi tí wọ́n ń sá láfún sí, a sì ń bá àwọn obìnrin náà dán pẹpẹ gíga tí a fi àwọ̀n bò wò. A ò tíì parí, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló ń sọ bí pẹpẹ náà ṣe yẹ kó ga tó.

Ìbéèrè tó sì wọ́pọ̀ jù ni ti òkété: ṣé ká má jẹ ẹ́ mọ́ ni? Òkété kọ́ ni Mastomys natalensis, èkúté tí gbogbo ìwé ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ní 2016, Ayodeji Olayemi, onímọ̀ nípa ẹranko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn eku mìíràn náà ń gbé kòkòrò Lassa. Nítorí náà, mi ò kì í sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo máa ń sọ pé ibi tí ìmọ̀ dé nìyí, pé nídìí pípa àti kíkun ẹran tútù ni kí wọ́n ti ṣọ́ra jù, pé bí a bá rí òmíràn, màá padà wá sọ. Àwọn èèyàn kì í bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́ ló léwu. Rántí oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje: mọ́júmọ́ kan péré ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní omi iyọ̀ ń dènà Ebola fi gba gbogbo ilẹ̀ yìí, tí àwọn kan mu ún títí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn.

Ìwọ tí ò ń ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn èèyàn wa níbẹ̀ yẹn, ta ni yóò sọ fún wọn bí ìwọ bá dákẹ́? O kọ̀wé pé ọkùnrin kan pè, ó ní ara òun ti yá, òun ti dá oògùn dúró. Mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà lọ fún ọ̀gá rẹ. Bi í pé nínú gbogbo fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí ẹ ti pín, èwo ló ti béèrè ohun tí aláìsàn ń pè ní "ara yíyá"? Bóyá àpilẹ̀kọ rẹ tó kàn wà níbẹ̀. Kí o sì bẹ ọ̀gá rẹ fún ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ fún rédíò, má gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì tí ẹ ò bá tíì yẹ̀ wò dáadáa, má gbé e lọ sórí afẹ́fẹ́.

Fi ohùn ètò rẹ tó kàn ránṣẹ́ sí mi, màá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà oko láfún. Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé-ẹ̀kọ́.