Ẹ yéé pe Gina Yashere ní ọmọ Amẹ́ríkà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Nínú ìwé ìròyìn yín ti Sátidé tó kọjá, lójú ewé tí ẹ máa ń kó ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sí, ẹ pe Gina Yashere ní adẹ́rìn-ínpòṣónú ọmọ Amẹ́ríkà. Mo kà á, mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ọmọ Amẹ́ríkà! Láti ìgbà wo?

Bethnal Green ni wọ́n bí i sí, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí, lọ́dún 1974. Ọmọ Ẹdó láti Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Kó tó mú àwàdà níṣẹ́, lífítì ló ń so, òun náà ló ń tún un ṣe, ní ilé iṣẹ́ Otis. Ọmọbìnrin adúláwọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin tó ń so lífítì láyé ìgbà yẹn, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àárín àwọn ọdún 1990 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ìtàgé. Nígbà tó fi di 2007 tó bọ́ sórí Last Comic Standing, ìdíje àwọn adẹ́rìn-ínpòṣónú lórí NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, tó sì jókòó sọ́hùn-ún, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń pa àwa ará ìlú yìí lẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ ti jinná kó tó dé Amẹ́ríkà. Àwo lásán ni wọ́n gbé wá.

Ẹ̀ṣẹ̀ tiyín kéré ṣá. Àwọn tí mò ń bá jà gan-an kò sí ní ọ́fíìsì yín. Àwọn ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n ìlú tí mò ń gbé yìí ni, àwọn tó jókòó sínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń pinnu ohun tó máa pa wá lẹ́rìn-ín. Àga kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún adúláwọ̀ nídìí àwàdà. Bí ẹnì kan bá ti jókòó sí i, àwọn yòókù á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí onítọ̀hún á fi dìde. Gina fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ohun tó lé òun lọ nìyẹn. Lenny Henry, adẹ́rìn-ínpòṣónú adúláwọ̀ ìlú yìí, ló kọ́kọ́ bá àga ọ̀hún. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó yege lórí New Faces, ìdíje ẹlẹ́bùn lórí tẹlifíṣọ̀n, lọ́dún 1975, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n fún ọdún gbọọrọ, bí èèyàn bá ti dárúkọ adẹ́rìn-ínpòṣónú aláwọ̀ dúdú níbi iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Òun gan-an ló dìde lọ́dún 2014, níwájú àwọn BAFTA, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ní àmì ẹ̀yẹ níbí, tó sọ fún wọn lójú ara wọn pé adúláwọ̀ ń dínkù nídìí iṣẹ́ náà, kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ kó máa wo ìgbìmọ̀ ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ eré tí mò ń sọ yìí. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni, mo lọ bá ọmọ mi wẹ ọmọ tuntun ní Houston. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni, ọmọ ń sùn lórí ẹsẹ̀ mi, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ni mo bá gbọ́ Yorùbá. Mo rò pé ọmọ mi ló ń pè mí láti kíṣìnnì, mo sì dáhùn, "Mò ń bọ̀ o!" Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí i pé CBS ló ń sọ̀rọ̀. CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ti Amẹ́ríkà, lásìkò tí gbogbo ilé ń wo tẹlifíṣọ̀n! Bob Hearts Abishola ni wọ́n pe eré náà. Nọ́ọ̀sì ni Abíṣọ́lá, ní Detroit. Bob, Òyìnbó tó ń ta ìbọ̀sẹ̀, ṣàìsàn ọkàn, ó dé ọsibítù, ó rí i, ìfẹ́ wọ̀ ọ́, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ ta á lọ́rẹ. Àwọn kan fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni èmi náà, ẹni tó bá ti dúró fún wákàtí méjìlá ní wọ́ọ̀dù mọ iyì ìbọ̀sẹ̀ tó dáa ju òdòdó lọ.

Folakẹ Olowofoyeku tí wọ́n bí ní Èkó ló ṣe Abíṣọ́lá. Shola Adewusi ló ṣe Àǹtí Olú, ẹ sì gbọ́ ná, láti Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ti wá mú òun náà lọ. Bayo Akinfemi tó ṣe Goodwin ni wọ́n tún fi ṣe olùkọ́ èdè fún àwọn yòókù. Ta wá ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀? Gina Yashere. Chuck Lorre, ọ̀gá tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́kọ́ pè é pé kó wá gba àwọn nímọ̀ràn ni. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà níkùn rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, ó ń kọ ọ́, ó tún ń ṣe Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ Abíṣọ́lá, nínú rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, títí di oṣù karùn-ún 2024. Ọmọ Ẹdó tí wọ́n bí ní Bethnal Green ló gbé Yorùbá wọ pálọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá kò sì mọ ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń ki Amẹ́ríkà o. Nígbà tó ku ọdún kan kí eré náà parí, owó ni wọ́n ń ṣọ́, wọ́n sì sọ gbogbo òṣèré tó ń ṣe é déédéé di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ku Bob àti Abíṣọ́lá nìkan. Àtàtà Àǹtí Olú! Síbẹ̀, wọ́n fún Gina ní gègé. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù fún un kò ju gbohùngbohùn lọ. Wọ́n ń pè é wá sórí ètò ẹlòmíràn, ó ń ṣe ìyá Nàìjíríà nínú eré Lenny Henry, BBC fi orúkọ rẹ̀ pe ètò kan fún àwọn ọmọdé. Eré àwọn àgbà tó jẹ́ pé òun ló ni ín, tó jẹ́ pé òun ló kọ ọ́, èmi kò rí i, mo sì máa ń wo tẹlifíṣọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ. Àga kan ṣoṣo, mo tún un sọ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yín dùn mí tó báyìí ni pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo rí àwàdà kan lórí tẹlifíṣọ̀n níbí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n we gèlè fún obìnrin kan, wọ́n ní ìyá Nàìjíríà ni. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Ìgbò, kì í ṣe Haúsá, kò sì sí ìdílé kan ní gbogbo Peckham tó ń sọ ọ́. Gèlè gan-an dà bí aṣọ tí wọ́n fi di orí ẹni tó fara pa. Ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bi mí pé, "Màmá, èdè wo nìyẹn?" Mo ní èdè ọ́fíìsì ni. Owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n ni mò ń san lọ́dọọdún láti wo irú ìyẹn!

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á kọ̀wé dá mi lóhùn pé Gbemisola Ikumelo, adẹ́rìn-ínpòṣónú wa níbí, ńkọ́. Mo rí i. Mo wo eré àwàdà rẹ̀, Black Ops, lórí BBC One lọ́dún 2023, mo mọ̀ pé òun náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, nígbà tí BAFTA sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún 2024, mo jó ní pálọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: láti ìgbà náà, tí a bá ti ráhùn, òun ni wọ́n ń nà sí wa. Àga kan náà ni, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló yí padà.

Kí ni kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n dín ìgbìmọ̀ kù. Kí wọ́n yéé gbé eré wa sí àsìkò tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nìkan lajú. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé: àwàdà èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe tí ẹni tó ń sọ èdè mìíràn wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ni èdè náà jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ eré láti ọjọ́ kìíní. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà dé ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pe àbúrò awakọ̀ wọn pé, báwo lẹ ṣe ń sọ ẹ káàárọ̀. Kí wọ́n sanwó fún un. Kí orúkọ rẹ̀ jáde níparí eré. Kí ó sì lẹ́nu láti sọ pé rárá, ìyá kankan kò ní bá ọmọ sọ̀rọ̀ báyìí. Èdè wa kì í ṣe ti eré gbà-mí-o. Bí obìnrin bá ní láti sọ pé "Ọkọ mi dà?" tó wá sọ pé "Ọkọ̀ mi dà?", ẹ̀rín la óò rín lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ. Ẹ wo ohun tí Akinfemi ṣe fún eré Gina, ìgbà tí wọ́n bá kí ara wọn níbẹ̀, ìkí ni.

Wọn kò sì ní wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jìnnà. SOAS, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ti kọ́ àwọn èèyàn ní Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú Lọ́ńdọ̀nù kan náà yìí. Àwọn olùkọ́ wà ní kíláàsì Yorùbá tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ ní Sátidé. Èmi náà wà ńlé, mo ti fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni mò ń wọ̀. Àwọn ará ìlú yìí sì ti ṣe é rí. Nígbà tí Channel 4 ń ṣe Desmond's láàárín 1989 sí 1994, eré àwàdà nípa ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Peckham, Trix Worrell tí wọ́n bí ní St Lucia ni gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá tó ọjọ́ orí mi ní Rye Lane, ní Peckham níbí, bóyá ó rántí Matthew, ọmọ Áfíríkà tó wà nínú eré náà. Ìgbà tí mo dé ìlú yìí, eré yẹn nìkan ni mo máa ń sáré kúrò níbi iṣẹ́ torí rẹ̀.

Ní tiyín, Olóòtú, ẹ bá mi tẹ àtúnṣe. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, kí ẹ sì gbé e sójú ewé tí ẹ ti ṣe àṣìṣe ọ̀hún, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ìpolówó ìsìnkú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Mo ti gé ti Sátidé tó kọjá pamọ́ sínú Bíbélì mi. Mò ń retí ti ọ̀sẹ̀ yìí kí n lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Nọ́ọ̀sì,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.