Sípíríǹgì Báírò Inú Súwíìsì Ìjàpá

Òṣogbo,
Ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Calgary ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Àwa náà wà ńbí, a dúpẹ́. Ooru ló ń yan wá lọ́wọ́lọ́wọ́. Bàbá ní kí n kí ẹ. Àmàlà wọn ò dín, ìjà àwọn àti rédíò wọn ò sì tíì parí.

Mo rí àwòrán tó o fi ránṣẹ́. Ìwọ náà ti ra Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen Beetle! Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi sáré jáde láti ilé ìdáná. O ní súwíìsì iná iwájú rẹ̀ máa ń gbóná, pé o fẹ́ jù ú nù kó o sì ra tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Jọ̀ọ́, má tíì jù ú nù. Ohun tó ń ṣe tìẹ ló ṣe tiwa níbí, mo sì ti tú u débi tí kò ku nǹkan kan. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ kàn ẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

O rántí Ìjàpá Bàbá, ti 1974 yẹn. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ réluwéè, èmi ni mo jí i dìde lọ́dún tó kọjá. Ẹ́ńjìnnì ò yọ mí lẹ́nu rárá. Mẹkáníìkì tó mọ Ìjàpá ò tíì tán l'Óṣogbo, àfi pé irun gbogbo wọn ti funfun. Iná ló fẹ́ gbẹ̀mí mi.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ìkìrun, ilẹ̀ ti ṣú. A ra ẹja yíyan lọ́nà, a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣàdédé ni òórùn ẹja gba inú ọkọ̀ kan. Mo ní kó bá mi so ọ̀rá ẹja yẹn dáadáa. Ó ní ọ̀rá ò tú. Ibi tá a ti ń jiyàn ẹja ni iná iwájú ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bíi fìtílà tí kẹrosíìnì rẹ̀ ń tán lọ. Mo na ọwọ́ sí orí súwíìsì. Yéè! Ó jó mi. Àṣé bákéláìtì ló ń jó, ẹja ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. O mọ nǹkan dúdú líle tí wọ́n fi ń ṣe ìdí súwíìsì àtijọ́. Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó lọ gbé Amẹ́ríkà, ló ṣe é jáde ní 1907. Tó bá ń jóná, bí ẹja ló ṣe ń rùn. Torí náà, bí ọkọ̀ rẹ bá ń rùn bí ẹja tí o ò sì ra ẹja, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó o pa iná. Ẹ̀yìn tírélà kan la fara mọ́ títí a fi wọ̀lú.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Mo tan iná, mo fi ẹnu mítà méjèèjì kan ìdí súwíìsì, ọ̀kan níbi tí iná ń gbà wọlé, èkejì níbi tó ń gbà jáde. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka nǹkan kan. Fóólítì 1.8 ló kà. Áńpìà bíi 9 ló ń gba ibẹ̀ kọjá, nítorí èmi ọlọ́gbọ́n ti yọ gílóòbù wáàtì 45 méjì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti fi ti wáàtì 60 méjì sí i kí n lè máa ríran dáadáa. Fi 1.8 sọ 9 di púpọ̀, ó lé ní wáàtì 16. Àkànní, áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì kékeré, èyí tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sẹ́nu wáyà, ò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ó túmọ̀ sí pé áyọ́ọ̀nù kan ń gbóná sínú súwíìsì mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá tan iná.

Mo gbé e lọ bá riwáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀. Kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lu dáṣíbọ́ọ̀dù níhò, kí òun fi súwíìsì jẹnẹrétọ̀ sí i. Dáṣíbọ́ọ̀dù Bàbá! Mo kọ̀. Ó wá bá mi wá súwíìsì tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí rọ́bà inú rẹ̀ fi yọ́. Ìgbà yẹn ni mo lọ tú agolo tí mo ju ti àtijọ́ sí.

Kó o tó fọwọ́ kan tìẹ, tú orí bátìrì tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Wo ìdí súwíìsì rẹ dáadáa, wàá rí nọ́ńbà tí àwọn ará Jámánì tẹ̀ sára rẹ̀, ìkan náà ni pẹ̀lú tèmi. 30 ló ń gba iná tààrà láti bátìrì, kì í kú bó o tiẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́. 58 ń lọ sí iná kékeré àti ti ẹ̀yìn, 56 ń lọ sí iná iwájú. Bó o bá dé ìdí kọ́kọ́rọ́, wàá rí 15 tó máa ń jí nígbà tó o bá ti yí i, àti 50 tó ń ta sítátà. 31 ni áàtì, ìyẹn wáyà tó so mọ́ ara irin ọkọ̀. Ẹni bá mọ ìwọ̀nyí, riwáyà ò lè fi í ṣeré mọ́.

Ẹnu páànù mẹ́rin ló di ìdí súwíìsì náà mú. Rọra ká wọn sókè, páànù yẹn ò lè gba ju kíká méjì mẹ́ta lọ kó tó kán. Inú ọ̀rá kan tó mọ́ gaara ni mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ kí n tó tú u, torí sípíríǹgì àti bọ́ọ̀lù irin kékeré inú rẹ̀ máa ń fò. Ohun tó bá sì fò sínú koríko àgbàlá wa, ìwọ gan-an mọ̀ pé ó lọ nìyẹn.

Gírísì inú rẹ̀ ti di ọ̀dà. Bàbà ibẹ̀ (bàbà ni mo wí o, kì í ṣe Bàbá) ti dógùn-ún, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé àti aró, bí èékánná àwọn ìyá aláró tá a máa ń kí nígbà tá a bá ń lọ sí iléèwé. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ìdí 56 ni mo wò tí ọkàn mi dúró díẹ̀. Bàbà tibẹ̀ ti jẹ bí eyín ọmọ tó ń jẹ ṣúgà. Mo gbé e kúrò kí n lè wo sípíríǹgì tó ń tì í sókè. Àwọn yòókù nípọn, wọ́n kúrú. Eléyìí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, iná ti sọ ọ́ di dúdú, ó ti sùn sílẹ̀ gbalaja.

Sípíríǹgì báírò ni.

Mo jókòó sílẹ̀. Ìsinmi Àjíǹde, 1991! Bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọ̀fà. Ìwọ ni dírẹ́bà, èmi ni kọ̀ńdọ́. O fa orí súwíìsì títí ó fi bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, o ní wàá tún un ṣe kí wọ́n tó dé, sípíríǹgì kan sì fò sínú koríko. A wá a títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́. Èmi ti ń múra láti sá lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìwọ lo wọ yàrá wọn, tó o mú báírò alátẹ̀ tó wà lórí tábìlì, tó o fọ́ ọ, tó o ju ìyókù sínú ṣáláńgá. A búra. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Ohun tó ṣe é kò fara sin. Ibi tí bàbà méjì bá ti ń fẹnu konu, àfi kí nǹkan tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Tí wọn ò bá tẹ̀ mọ́ra, ibẹ̀ á máa gbóná. Bó bá sì ti ń gbóná, sípíríǹgì á máa kú sí i, ìgbóná á tún lé sí i. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ẹ: báírò yẹn ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, gílóòbù wáàtì 45 ò sì pa á. Gílóòbù tèmi ló pa á.

Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ gbogbo rẹ̀. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí bàbà, mo bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo fi omi ṣàn án dáadáa kí kíkan má kù síbẹ̀, mo sá a sóòrùn. Má fi sáńpépà kàn án o. Nígbà mìíràn, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lójú bàbà yẹn, sáńpépà á sì fá a lọ. Réésà tí ọmọ mi fi ń pa ìwé rẹ́ ni mo fi nù ún. Mo gé bàbà tuntun látinú wáyà ńlá kan dípò èyí tó jẹ, mo yọ sípíríǹgì súwíìsì tuntun tó yọ́ yẹn sí i. Owó mi ò kúkú gbé tán. Fáselíìnì tíńtín ni mo fi pa á kẹ́yìn.

Bí mo ṣe fẹ́ jó lẹ́ẹ̀dì sẹ́nu wáyà ni iná lọ. L'Óṣogbo yìí, tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà! Mo ki áyọ́ọ̀nù sínú èédú ìyàwó mi bí alágbẹ̀dẹ.

Nígbà tí mo dá a padà, mítà ka 0.1. Ṣùgbọ́n mi ò tún gbẹ́kẹ̀ lé súwíìsì nìkan mọ́, mo fi rílè méjì sí i (rílè ni súwíìsì tí iná díẹ̀ fi ń tan iná ńlá), ọ̀kan fún fúù, iná tó ń lọ jìnnà, ọ̀kan fún dímù, èyí tó rẹlẹ̀. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀: 30 rílè láti bátìrì, kí fíúsì wà láàárín, 87 sí gílóòbù, 86 síbi tí wáyà gílóòbù ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, 85 sí áàtì. Agbára ńlá ò ní gba inú súwíìsì kọjá mọ́. Iyọ̀ tẹ́ ẹ ń dà sójú títì nígbà yìnyín tún wà ńbẹ̀, torí náà wo ẹnu gbogbo áàtì rẹ pẹ̀lú.

Lánàá, mo gbé Bàbá yípo ìlú lálẹ́, láti Òkè-Fìà dé Ọláìyá, a gba Sítéṣọ̀n padà. Inú wọn dùn. Wọ́n ń fa orí súwíìsì jáde, wọ́n ń tì í padà bí ọmọdé. Nígbà tá a délé, mo yọ sípíríǹgì náà lápò mi, mo gbé e sí wọn lọ́wọ́, mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e súnmọ́ iná, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì.

Wọ́n ní, "Tí Àkànní bá ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà, kó mú báírò mi dání."

Èmi ni tìẹ,
Àjàní.