Ẹ bi péńtà pé ibo ni ọ̀dà máa parí sí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí láyè nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí àwọn tó ń ra ọkọ̀ tuntun ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ ní oríta Ṣágámù yóò rí ọkọ̀ tí ọ̀rá ò tíì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, àmọ́ tí ilẹ̀kùn kan ti yàtọ̀ sí ìyókù. Tírélà ló ha á lára, tàbí ọlọ́kadà ló forí sọ ọ́, wọ́n tún un ṣe, ó wá di aláwọ̀ méjì. Olówó ọkọ̀ ní péńtà ò mọṣẹ́. Péńtà ní oòrùn ló ti ṣá ọkọ̀ náà kí wọ́n tó gbé e wá.

Oòrùn kẹ̀? Ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún kan ò tíì ṣá débi tí ojú á fi mọ̀. Ohun tó ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ilẹ̀kùn kan ni wọ́n ná, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n sì kùn. Kí ẹ tó bi péńtà ní iye tó fẹ́ gbà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ibo ni ọ̀dà yìí máa parí sí?

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ aláwọ̀ sílífà ṣàpẹẹrẹ. Ẹ̀rún alumíníọ̀m wẹ́wẹ́ ló wà nínú ọ̀dà mẹ̀tálíìkì, bí wọ́n bá sì ṣe sùn sílẹ̀ ni àwọ̀ ṣe máa hàn. Bí péńtà bá fọ́n ọ̀dà náà tutù jù, ẹ̀rún á rì, á dúró ségesège nínú rẹ̀, àwọ̀ á dúdú sí i. Bó bá gbé gọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀rọ tó fi ń fọ́n ọ̀dà, jìnnà tó fọ́n ọn gbẹ, ẹ̀rún á sùn pẹrẹsẹ lójú òkè, àwọ̀ á mọ́lẹ̀ sí i. Nínú agolo kan náà, péńtà méjì lè kun ilẹ̀kùn méjì tí kò ní jọra. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo fi ṣòro kùn ní sílífà láìjẹ́ pé etí rẹ̀ hàn lára fẹ́ńdà, irin ẹ̀gbẹ́ tó bo táyà iwájú, bó ti wù kí ọwọ́ péńtà mọ́ tó.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi sáńpépà 800 tàbí 1000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ló ṣe kúnná tó) ha ojú kílíà, ìyẹn ọ̀dà dídán tí kò láwọ̀ tó bo àwọ̀ lókè, tó wà lára fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́. Á kun ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ títí yóò fi bò dáadáa. Lẹ́yìn náà á máa fọ́n àwọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ wọ inú àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa fẹ́lẹ́ sí i, kó sì tán kó tó dé òpin wọn. Ìgbà náà ló tó máa wá da kílíà bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti etí dé etí. Àwọ̀ tuntun lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò síbi tí ojú á ti rí ìlà tí wọ́n ti pàdé.

Kílíà páńẹ́lì mẹ́ta (ẹ̀là ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ilẹ̀kùn tàbí fẹ́ńdà) nìyẹn, àti iṣẹ́ títú ọwọ́ ilẹ̀kùn, rọ́bà gíláàsì àti dígí ẹ̀gbẹ́. Òun ló ń mú kí iye tí péńtà olóòótọ́ ń pè ga. Ẹni tó bá ní òun á gba ìdajì owó yẹn láti kun ilẹ̀kùn kan kò purọ́ fún yín: ilẹ̀kùn kan náà ló máa kùn. Funfun tí nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 040 lára Toyota àti dúdú 202 rọrùn ju sílífà lọ, nítorí kò sí ẹ̀rún nínú wọn. A lè kun páńẹ́lì kan lára wọn kó sì bá ìyókù mu.

Ibi kan tún wà tí wọ́n ti máa ń rẹ́ni jẹ, ìyẹn ara ọkọ̀ lẹ́yìn, lókè táyà ẹ̀yìn, níbi tí irin ti gòkè lọ pàdé òrùlé láìsí àlàfo. Nítorí kí wọ́n má baà kun òkè, wọ́n á dá kílíà dúró ní agbedeméjì irin náà, wọ́n á fi tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, yọ́ etí rẹ̀ kó má hàn. Lọ́jọ́ tí ẹ máa gbé ọkọ̀, kò ní hàn lóòótọ́. Tí wọ́n bá ti fi kọ̀ǹpáǹdì, ìpara tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà dán, nù ún lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta tí oòrùn sì ti pa á fún oṣù díẹ̀, ìlà náà á yọ, etí kílíà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ojú ìpàdé páńẹ́lì ni kílíà gbọ́dọ̀ parí sí.

Ó kan nọ́ńbà àwọ̀. Ti Toyota wà lára àwo kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, níwájú ibi tí wọ́n kọ C/TR sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ọ̀dà ìta. Èyí tó tẹ̀lé e, inú ọkọ̀ ló wà fún. Ti Honda náà wà ní férémù ilẹ̀kùn, NH ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ funfun, dúdú tàbí eérú. Ẹ fi fóònù ya á kí ẹ tó kúrò nílé. Péńtà tó bá ní òun ò nílò nọ́ńbà, pé ojú òun tó, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Funfun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. 040 jẹ́ funfun lásán. 070 jẹ́ funfun pẹ́ẹ̀lì, ìpele mẹ́ta ló ní: funfun nísàlẹ̀, pẹ́ẹ̀lì tí ojú ń là kọjá láàárín, kílíà lókè. Wọn ò lè po 070 sínú agolo kan kí wọ́n sì fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan, kò ní í rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Iye ìgbà tí pẹ́ẹ̀lì bá kọjá lórí rẹ̀ sì ń yí àwọ̀ padà, nítorí náà péńtà gidi á kọ́kọ́ ṣe àwo ìdánwò, ìyẹn páànù kékeré tó fọ́n ọ̀dà sí láti wò ó, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀kan á gba pẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí tó bá jọ ara ọkọ̀ jù ni yóò tẹ̀lé.

Gbogbo ọkọ̀ mìíràn náà nílò àwo ìdánwò, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo lè ní oríṣi méjì-mẹ́ta: kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ló kun gbogbo ọkọ̀ tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn. Kí ẹni tó ń po ọ̀dà fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n ní gíráàmù, kó má ṣe fi ìdérí ìgò bù ú, kó sì po gbogbo èyí tí iṣẹ́ náà máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí péńtà fi gọ́ọ̀nù tó máa lò fún ọkọ̀ fọ́n ọn sórí páànù kékeré, kó fi kílíà bo ìdajì rẹ̀, kó jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀dà tí kò ní kílíà máa ń ṣú, ọ̀dà tútù sì ń tanni jẹ, torí náà ìdajì tó ní kílíà ni kí ẹ gbé sára ọkọ̀. Ẹ fọ ọkọ̀ ọ̀hún kí ẹ sì nù ún kó dán kí ẹ tó wò ó. Ẹ wò ó nínú oòrùn, ẹ wò ó lábẹ́ òjìji, ẹ dojú kọ ọ́, kí ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Àwọ̀ tó bára mu lábẹ́ gílóòbù lè kọ ara wọn sílẹ̀ níta. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ fi àkísà tí tínà rin nu ibi tó ní kílíà. Bó bá yọ́ mọ́ àkísà, wọn ò fi hádínà, ohun tó ń mú un le, sí i, tàbí wọn ò fi sí i tó. Ọ̀pọ̀ kílíà ni wọ́n ń po ní méjì sí hádínà kan. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni kí wọ́n tẹ̀lé.

Kí ọ̀dà tó dé rárá, iṣẹ́ páńẹ́lì-bítà, ẹni tó ń tún irin ara ọkọ̀ ṣe, ni. Ẹ bá a sọ ọ́ pé ẹ fẹ́ rí irin náà ní ìhòòhò kó tó fi bọ́dì-fílà (fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó wọnú kó lè tẹ́jú) bò ó, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ibi tó bá wọnú, fífà ni kó fà á jáde. Fílà tí yóò lò lẹ́yìn náà kò yẹ kó nípọn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbígbóná àti gbígbọ̀n ojú ọ̀nà ni yóò là á. Gíráàmù méjì hádínà sí ọgọ́rùn-ún gíráàmù fílà ló tọ́. Tó bá pọ̀ jù, àbàwọ́n á yọ sójú ọ̀dà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá lórí funfun. Tó bá kéré jù, fílà ò ní le láéláé. Fílà kì í lọ sórí ọ̀dà tàbí ìpẹtà, orí irin tí wọ́n fi sáńpépà 80 ha ló ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi omi ha fílà. Ó máa ń fa omi mu, omi náà á sì jókòó sábẹ́ pràímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń ṣáájú àwọ̀, títí ooru á fi dé, ọ̀dà á wá lé roro. Gbígbẹ ni ká ha á, 80, 180, títí dé 320. Orí pràímà nìkan ni omi ti láyè, pẹ̀lú 400 sí 600.

Ẹ fi òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé yẹ iṣẹ́ wò: ibi tí kò bá ti mú, fílà ti pọ̀ níbẹ̀. Báńpà ọ̀rá àti bọ́nẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀m kò sí nínú èyí o, òòfà ò lè mú wọn láti ilé-iṣẹ́ wá.

Ọkọ̀ tuntun tún yàtọ̀ sí Datsun ayé ọjọ́un. Irin líle gan-an ni wọ́n fi ṣe òpó àárín àti àwọn ọ̀pá abẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì fi iná gáàsì gbé e kó lè rọ̀, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ tọ́ lójú. Kí wọ́n yọ orí bátìrì kí wọ́n tó wẹ́ẹ̀dì ohunkóhun. Bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ tó ń wo iwájú nínú báńpà, fílà tàbí ọ̀dà ìlọ́po-ìlọ́po kò gbọ́dọ̀ dé iwájú ẹ̀rọ náà, á ṣì í lọ́nà. Tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì iwájú tó ní kámẹ́rà, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè tún kámẹ́rà náà tò. Báńpà ọ̀rá fúnra rẹ̀ nílò pràímà ti ọ̀rá kí ọ̀dà tó gorí rẹ̀. Bí wọ́n bá fo ìyẹn, ibi tí òkúta bá ti bà á ni ọ̀dà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo.

Tí ẹ bá dé ọgbà péńtà, ẹ wo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gọ́ọ̀nù, kí ẹ tó wo ọkọ̀ tó ti kùn. Ṣé ó ní ohun tó ń sẹ́ omi àti òróró? Ṣé wọ́n ń tú omi inú rẹ̀ dànù láràárọ̀? Omi àti òróró ló ń mú kí ọ̀dà sá fún ara rẹ̀, tó máa fi lu ihò kékeré bí ojú ẹja. Ẹ wò ó bóyá ó ní ibi tó bo òkè àti ẹ̀gbẹ́. Ní Ṣágámù, eruku sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kó bà lé kílíà tútù. Nígbà òjò, tínà tó ń yára gbẹ máa ń jẹ́ kí ọ̀dà funfun bí omi ògì, kí péńtà lo èyí tó ń lọ́ra. Kó sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fọ́n òmíràn lé e. Ẹni tó bá da kílíà nípọn léra lójú kan náà ti ti tínà mọ́nú, ihò tín-tìn-tín á sì yọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé ọkọ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ lọ kùn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ayé ló fẹ́ kí ọkọ̀ òun dán, péńtà ò sì ní ráyè jẹ́ kí nǹkan gbẹ.

Ní ti owó, bí ẹ bá ní ìwé adójútòfò kíkún, ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ títí ilé-iṣẹ́ náà á fi rí fọ́tò àti iye tí wọ́n ní iṣẹ́ máa jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló kọlù yín, ẹ gba ẹ̀dà ìwé tẹ́ẹ̀dì pátì rẹ̀, ìyẹn ìwé adójútòfò tó ń san fún ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn. Láti oṣù Kíní ọdún 2023 ni ti ọkọ̀ àdáni ti di ₦15,000, ó sì lè san tó ₦3,000,000 fún ohun tó bàjẹ́. Ìyẹn ju owó tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ láti fi lé yín lọ́wọ́ lẹ́bàá títì lọ.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: nọ́ńbà àwọ̀, irú ọ̀dà àti kílíà, àwọn páńẹ́lì tí àwọ̀ máa wọ̀ àti èyí tí kílíà máa bò, ọjọ́ tí wọ́n máa parí, àti iye oṣù tí wọ́n á fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ṣí tàbí lé roro. Ẹ san owó èròjà ṣáájú, kí ẹ di ìyókù mú. Ẹ lọ gbé ọkọ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ wo etí rẹ̀ àti rọ́bà bóyá ọ̀dà ta sí i, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú kílíà, ẹ tan gbogbo iná. Bí wọn ò bá ní ilé ooru tí wọ́n fi ń yan ọ̀dà, ẹ má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má sì fi wáàsì pa á títí yóò fi pé ọgbọ̀n ọjọ́.

Èmi ni tiyín,
Péńtà kan, Ṣágámù.